“Wọ́n” Inú Ìwé Àǹtí Ìwé

Tí ẹ bá fẹ́ rí Àǹtí Ìwé kó fò sókè lórí àga, ẹ kàn sọ fún un pé, “Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Kò sí èébú tó burú tó o létí rẹ̀. Agogo ìkìlọ̀ á máa ké lójú kọ̀ǹpútà, iná pupa á máa ṣẹ́jú, ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ á sì máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àǹtí á sáré dé, á bèèrè pé kí ló dé, onítọ̀hún á sì fèsì láìgbójú sókè pé, “Ẹ má dá a lóhùn, Àǹtí, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Ṣé torí kó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so agogo mọ́ ọn ni? Tó bá ń ké láìnídìí, ẹ tún un ṣe. Tó bá ń ké nídìí, ẹ dìde. Ó ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ má kú. Ilé-iṣẹ́ tó wà ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn fún ọgọ́ta ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ mọ abẹ́rẹ́ tí ara ẹnì kan kò gbà á tẹ orúkọ ẹni náà, fáìlì á sì yọ sí i lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ méjìlá ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n háyà wọn lọ́wọ́ àwọn kan tó wà lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń pe ibi tí ẹ̀rọ náà wà ní ojú sánmà. Ìyá Àǹtí ti bi í rí pé, tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan náà lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ẹ má rò pé wọ́n fi “Àǹtí Ìwé” yẹ́ ẹ sí. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, nítorí kò sí ohun tí kì í fẹ́ kọ sílẹ̀. Ó ti kọ ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù: oríṣiríṣi àìsàn tó lè ṣe ẹ̀rọ, ojú ewé kan fún àìsàn kan, àti ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Ìwé náà sì wúlò púpọ̀. Fáànù orí tábìlì kò ga tó tẹ́lẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n fi gbé e sókè.

Ó tún ní àwọn òfin kan tó máa ń tẹnu mọ́. Ẹ má yí ohun púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí díẹ̀, kí ẹ lè tètè dá a padà tó bá bàjẹ́. Tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ má bèèrè pé ta ló ṣe é, ẹ bèèrè pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹni tí ẹ bá fìyà jẹ lónìí kò ní sọ òótọ́ fún yín lọ́la. Ó kọ èyí tó kẹ́yìn yìí ní lẹ́tà gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ta ló lẹ èyí?”

Nínú àwọn ẹ̀rọ méjìlá yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló ní orúkọ. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ háyà, òun ló sì gbé gbogbo fáìlì mọ́ra. Mọ́kànlá yòókù kàn dà bí ilẹ̀kùn tí àwọn ilé ìwòsàn ń gbà wọlé tọ̀ ọ́ ni. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. “Wọ́n ti jí.” “Ara wọn ò yá lónìí.” “Ẹ má fi ìbéèrè dà wọ́n láàmú.” Àlejò tó bá wọlé á rò pé ìyá ẹnì kan ló ń ṣàìsàn ní yàrá kejì.

Màámi, ìyá tó bí Àǹtí gan-an, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. (Nínú ìtàn yìí, “ó” ni a ó máa pe Màámi. Kí wọ́n jọ̀wọ́ forí jì wá. Ìdí rẹ̀ á yé yín láìpẹ́.) Ọdún kẹrin nìyí tí nǹkan funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, ó ń fi ìró ẹsẹ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀, kò sì rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni yóò tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ọjọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni Àǹtí sún un síwájú, torí pé ẹ̀rọ fẹ́ kú, wọ́n ní kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà kejì, Màámi ti wọ bàtà tán kí tẹlifóònù tó dún. Ó kàn bọ́ bàtà náà, ó tì í sábẹ́ àga. Ì bá tẹ́ Àǹtí lọ́rùn kó bú òun.

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ kẹta, Màámi pè é jókòó. “Ọjọ́ tí wọ́n bá tú ojú mi,” ó ní, “ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Mi ò fẹ́ rí ti dókítà. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Màámi. Màá wà níbẹ̀.”

Ni Àǹtí bá lọ bá Ọ̀gá fún ìsinmi ọjọ́ méjì. Láti ọdún mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀, kò tíì gba ìsinmi tí wọn ò fi fóònù pè é padà.

“Ọjọ́ méjì?” Ọ̀gá ní. “Ta ló máa wá wo ẹ̀rọ?”

“Ìwé wà, sà.”

“Ìwé ò lọ́wọ́, Àǹtí.”

“Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan dánra wò nígbà náà. Màá jókòó síta, mi ò ní dá sí i. Ẹ̀yin ẹ ba nǹkan kékeré kan jẹ́, kí àwọn náà fi ìwé tún un ṣe. Kí wọ́n kàn ṣe bí ẹni pé mo ti kú.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ọ̀gá fò dìde lórí àga. “Ẹ má sọ irú ẹ̀ mọ́ nínú ọ́fíìsì mi o! Ẹ ò ní kú, Àǹtí. Ẹ máa pẹ́ fún wa.”

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ṣe àmín, títí kan ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì. Bí ọ̀rọ̀ ìdánrawò ṣe parí nìyẹn. Ó bèèrè ètò, wọ́n fi àdúrà dá a lóhùn, ta ló sì fẹ́ bá àdúrà jiyàn? Inú bí i débi pé àmín tirẹ̀ kò jáde.

Ẹni tó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ni igbákejì rẹ̀, baba ọlọ́mọ méjì tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Mo-Ti-Ṣe-É. Kí ẹ tó rán an níṣẹ́ tán, á ní òun ti ṣe é. Nígbà mìíràn, ó ti ṣe é lóòótọ́, ohun tó ṣe gan-an ló sì máa ń di wàhálà. Àǹtí fa ìwé búlúù yọ lábẹ́ fáànù, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó tì í mọ́ ọn láyà.

“Wò ó, má fi orí ara ẹ ṣe nǹkan kan o. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni kó o ṣe. Ṣé ó yé ẹ?”

“Ó ti yé mi, Àǹtí.”

“Kó o kà á o.”

“Mo ti kà á.”

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún ní Ọjọ́rú, ó sì yọrí sí rere. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni wọ́n ní àwọn á tú báńdéèjì. Láago mẹ́sàn-án ààbọ̀, tìyá-tọmọ ti jókòó sí gbọ̀ngàn ìdúró, lórí àga onírin tó tutù mọ́ni nídìí. Àǹtí pa fóònù, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, ó sì fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀. Aago mẹ́wàá lù, ó kọjá. Láago mẹ́wàá ààbọ̀, nọ́ọ̀sì yọjú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún wa. Kọ̀ǹpútà ni ò dá wa lóhùn.”

Àǹtí tẹ̀ síwájú lórí àga. “Ṣé ó ń yí ni, àbí ó kàn funfun báláú?”

“Ó kàn funfun ni, mà. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!” Àǹtí ti dìde. “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rí! Láti ọdún mẹ́fà, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí!”

Nọ́ọ̀sì sún sẹ́yìn díẹ̀, ó lọ pe dókítà wá. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn láti àárọ̀, ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Mi ò lè fọwọ́ kan ojú tí mi ò rí àkọsílẹ̀ ẹ̀, mà,” ó ní. “Mi ò mọ oògùn tí wọ́n kán sí i, mi ò sì mọ èyí tí ara ìyá ò gbà.”

“Ṣé ẹ ò kọ nǹkan kan sórí bébà ni?”

“Bébà kẹ̀? Wọ́n ní ká kó gbogbo bébà dànù nígbà tí ẹ̀rọ yìí dé. Wọ́n ní kò ní kú láéláé.”

Àǹtí mọ ẹni tó ní bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni, nínú ìwé ìpolówó aláwọ̀ mèremère. Ó ṣe é bíi kó fi ìbínú kanra mọ́ dókítà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ, ìyẹn sì tún bí i nínú sí i. Ó wa fóònù jáde lábẹ́ ìborùn, ó tàn án. Ìpè mẹ́tàdínlógún ló ti sọnù. Ó pe ọ́fíìsì, Mo-Ti-Ṣe-É ló gbé e.

“Ta ló ṣe é?” Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí lẹ́tà gàdàgbà ara ògiri.

“Àǹtí! Ọlọ́run ṣeun! Ìyá Àgbà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láago mẹ́sàn-án kọjá. Mo ṣí ìwé.”

“O ṣí ìwé?”

“Mo ṣí i, Àǹtí. Ohun tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Ẹ ní ká pa wọ́n, mo sì pa wọ́n.”

“O pa àwọn wo?”

“Àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá.”

“Ìyá Àgbà nìkan ni mo ní kó o pa!”

Arúgbó kan tó jókòó tì wọ́n fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, ó lọ wá àga mìíràn. Màámi gbé orí tó ní báńdéèjì sókè.

“Ta lẹ fẹ́ pa?”

“Ẹ̀rọ ni, Màámi. Ẹ̀rọ ni.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń pe ẹ̀rọ ní ìyá àgbà?”

Àǹtí gbé fóònù padà sétí. “Ka ojú ewé yẹn fún mi. Bó ṣe wà gan-an, má fo nǹkan kan.”

Mo-Ti-Ṣe-É ka ìwé sókè. “‘Tí Ìyá Àgbà bá ń lọ́ra: ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ẹ̀rọ mọ́kànlá yòókù. Tí ara wọn bá dá, ẹ pa wọ́n, ẹ ka ení dé ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tó tún jí wọn.’”

Àǹtí rọra jókòó. Ara ta ló dá? Ti àwọn mọ́kànlá. Ta wá ni kí wọ́n pa? Lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́, Ìyá Àgbà ló wà lọ́kàn rẹ̀; ta ni á máa pe Ìyá Àgbà ní “ó”? Ọ̀wọ̀ ló fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n “wọ́n” ti ọ̀wọ̀ àti “wọ́n” ti ọ̀pọ̀, bákan náà ni wọ́n rí lórí bébà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè yìí tó máa ka gbólóhùn yẹn tí kò ní pa mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí Mo-Ti-Ṣe-É fi ìgbọràn ka ìwé láyé rẹ̀, ó pa gbogbo àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, ó sì fi ẹni tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ lórí ìdúró. Ó wá ka ení dé ọgọ́rùn-ún bí ọmọ dáadáa, ó jí mọ́kọ̀ọ̀kànlá lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn jọ sáré ko Ìyá Àgbà lójú pẹ̀lú ìbéèrè ọgọ́ta ilé ìwòsàn, Ìyá Àgbà sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja.

Ó wá ẹni tí yóò bínú sí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kan bí kò ṣe ara rẹ̀.

“Kí ló dé tó ò bi ẹnì kankan kó o tó ṣe é?” Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

“Ta ni n bá bi, Àǹtí? Kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Tí agogo bá ti dún báyìí, ẹ̀yin lẹ máa sáré dé, ẹ máa ní, ‘Dìde, jẹ́ n tètè ṣe é.’ Ẹ ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án rí.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ Àǹtí lára ṣinṣin. Kó tó fèsì, ẹnì kan ti já fóònù gbà ní ọ̀hún. Ọ̀gá ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Àǹtí, mo ti ní kí dírẹ́bà máa bọ̀ níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn yára wá fọwọ́ kan nǹkan yìí, ó máa gbé yín padà.”

Etí Màámi kò di rárá. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. “Ṣé o ti ń lọ?” ó bèèrè. Ó bèèrè bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ti dá.

Àǹtí ṣe ìṣirò lọ́kàn, torí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò fi jí gbogbo wọn. Tó bá dúró, tó ń fi ẹnu sọ ọ́ fún Mo-Ti-Ṣe-É, ó lè tó wákàtí kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára báàgì pàápàá. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, wọ́n á tú ojú yẹn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì tún pè é padà lóṣù tó ń bọ̀, àti lóṣù tó tẹ̀ lé e.

“Ẹ dá dírẹ́bà dúró, sà. Mi ò bọ̀.”

“Ọgọ́ta ilé ìwòsàn, Àǹtí!”

“Inú ọ̀kan nínú wọn ni mo wà yìí, sà. Ìyá mi ni ẹ ò jẹ́ kí wọ́n tú lójú. Ẹ fún un ní fóònù padà.”

Ọ̀gá fún un. Àǹtí fa èémí. “Mú bírò. Kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀ kó o tó ṣe é. Àkọ́kọ́, pa àwọn ilẹ̀kùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá.”

“Mo ti...”

“O ò tíì ṣe é! Kọ ọ́ ná!”

Ó kọ ọ́. Wọ́n pa ilẹ̀kùn. “Ìkejì, ẹ pa Ìyá Àgbà nìkan, kí ẹ tún tàn án, kí ẹ dúró títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Gbogbo ibi tí ‘wọ́n’ bá wà lójú ewé yẹn, pa á rẹ́. Kọ orúkọ síbẹ̀.”

“‘Ẹ pa Ìyá Àgbà. Ẹ tún tàn án.’ Àǹtí, kò dùn ún gbọ́ o.”

“Kò ní dùn ún gbọ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọn mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ìyà gidi lèyí jẹ́ fún Àǹtí. Ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń wá bọ́tìnnì tí òun lè dijú tẹ̀. Ó gbọ́ tó tẹ èyí tí kò yẹ, tó dá a padà, tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni “dìde, jẹ́ n ṣe é” dé ètè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló gbé e mì. Màámi ní tirẹ̀ ń fi ọmọ ìka kà á lórí itan, “Ọ̀kan ti jí. Èjì ti jí,” bí ẹni tí wọ́n háyà fún iṣẹ́ náà. Nígbà tó di ẹ̀rọ kẹrin, nọ́ọ̀sì pariwo láti inú yàrá pé fáìlì ti yọ. Àǹtí kò pa fóònù títí mọ́kànlá fi pé. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà.

“Mo ti ṣe é, Àǹtí,” Mo-Ti-Ṣe-É ní.

“O ti ṣe é,” Àǹtí ní, ó sì pa fóònù.

Wọ́n mú Màámi wọ yàrá. Dókítà ka fáìlì, ó fọ ọwọ́, ó sì ní kí Àǹtí dúró síwájú gan-an, torí Màámi ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ojú tirẹ̀ di òun lójú. Àǹtí dúró. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹkún fẹ́ gbà á, ó kàn di ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì mú. Dókítà tú báńdéèjì, ó fi òwú nu ojú náà. Màámi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ sílẹ̀. Ó wo iná òkè, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Lẹ́yìn náà ló gbójú wá sílẹ̀, ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí Màámi ríran kẹ́yìn, irun dúdú ló wà lórí ọmọ rẹ̀. Irun orí obìnrin yìí ti funfun láti iwájú dé ìpàkọ́, ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ abẹ́ ojú náà sì ti rọ̀ wálẹ̀. Màámi wò ó pẹ́ díẹ̀. Ó tẹrí ba fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ kú ìdúró o, mà,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin wà níbí báyìí. Ṣé wọ́n ti tún pè é padà síbi iṣẹ́ ni?”